Inbox Bàbá ṣófo lójijì: ṣé ká yọ Thunderbird kúrò, ká tún un gbé sí i ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bàbá mi ni mo gbé wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Thunderbird ni wọ́n fi ń ka ímeèlì wọn lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọn kì í lo fóònù fún un. Láti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n bá ti ṣí i, Inbox ṣófo pátápátá. Fódà tí wọ́n pè ní "Ọmọ" àti èyí tí wọ́n pè ní "Pẹ́ńṣàn" wà níbẹ̀, lẹ́tà inú wọn pé. Inbox nìkan ni kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní ká yọ Thunderbird kúrò, ká tún un gbé sí i. Ó ní tí kò bá gbọ́, òun á fọ́ọ̀màtì gbogbo ẹ̀. Bàbá ò sùn dáadáa láti ìgbà yẹn, torí gbogbo lẹ́tà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ní Ìṣẹ́yìn wà nínú Inbox yẹn. Kí ni ká ṣe?

* * *

Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó dúró ná. Kó má yọ nǹkan kan, kó má fọ́ọ̀màtì nǹkan kan. Kí Bàbá náà má tẹ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ "Compact" sí lára, ìyẹn ohun tó ń yọ lẹ́tà tí wọ́n ti pa rẹ́ kúrò nínú fáìlì pátápátá. Ẹ ti Thunderbird pa, kẹ́ ẹ wá dá mi lóhùn lórí nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣí Chrome tàbí Firefox, ẹ lọ sójú-òpó ilé iṣẹ́ tó fún Bàbá ní àdírẹ́sì ímeèlì yẹn, kẹ́ ẹ fi orúkọ àti páásíwọọ̀dù wọn wọlé. Ṣé àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀? Tí wọ́n bá wà, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ilé ò kan lẹ́tà yín rárá. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ṣoṣo ni wọ́n wà, fọ́ọ̀màtì tí ọkùnrin yẹn ń sọ á sì pa wọ́n rẹ́ láìsí ẹ̀dà kankan níbòmíràn.

Èkejì, kí ló ṣẹlẹ̀ kí Inbox tó ṣófo? Ṣé iná lọ? Ṣé ẹnì kan tẹ nǹkan? Ṣé ọ̀rọ̀ kan jáde lójú kọ̀ǹpútà? Tí ọ̀rọ̀ bá jáde, ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má sọ pé "ó ń ṣe bákan", torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa ń tọ́ka sí ibi tí àrùn wà.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ọ̀nà méjì ni irú ètò yìí fi ń gba lẹ́tà. IMAP ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó fúnni ní àdírẹ́sì ímeèlì, ẹ̀dà ló ń gbé wá sílé. POP ní tiẹ̀ ń gbé lẹ́tà wálé, lẹ́yìn náà ó lè pa ti orí sáfà rẹ́. Ní Thunderbird, tẹ́ ẹ bá fi POP sílẹ̀ bó ṣe bá yín, ọjọ́ 14 ni lẹ́tà máa ń lò lórí sáfà, ìgbà tó bá pé, ó di tilé nìkan. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí Bàbá ń lò kò tíì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

* * *

Kí ẹni tó béèrè tó padà dé: ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé yíyọ kúrò àti àtúngbésí ni òun máa ń ṣe, pé ó sì máa ń gbọ́. Mo gbà pé ó ti gbọ́ fún wọn rí. Tó bá jẹ́ ètò náà fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́, bóyá iná lọ nígbà tó ń gba ẹ̀yà tuntun lọ́wọ́, àtúngbésí á tún un ṣe. Àmọ́ Thunderbird Bàbá ń ṣí, fódà méjì yòókù ń ṣí, lẹ́tà inú wọn ṣeé kà. Ètò tó bàjẹ́ kì í yan fódà kan ṣoṣo.

Lórí Windows, Thunderbird fúnra ẹ̀ ń gbé nínú "Program Files", lẹ́tà ò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ %APPDATA%\Thunderbird\Profiles, ẹ tẹ Enter. Fódà tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, ibẹ̀ ni lẹ́tà Bàbá wà. Yíyọ Thunderbird kúrò kì í fọwọ́ kan fódà yẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá tún gbé sí i á lọ bá a níbẹ̀, á ka ohun tó bá nínú ẹ̀, Inbox á sì ṣófo bó ṣe ṣófo lánàá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe ti ń dé orí fọ́ọ̀màtì: àtúngbésí ò ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn ò mọ̀dí ẹ̀, wọ́n bá nu gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gidi, torí mo ti rí ẹni tí fọ́tò ọmọ ẹ̀ àti rìsíìtì ilé ìwé bá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀dà ló ṣáájú. Thunderbird ní láti wà ní títì pa kẹ́ ẹ tó ṣe ẹ̀dà fódà Profiles yẹn lódindi sórí fláàṣì tàbí háàdì díìsìkì tó ń wà níta. Tí fáìlì kan nínú ẹ̀ bá ti ju 4GB, fláàṣì tí wọ́n fi FAT32 tò ò ní gbà á, bí àyè tiẹ̀ pọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ tún fláàṣì náà tò sí exFAT, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò.

* * *

Ẹni tó béèrè:

Ẹ ṣé gan-an ni. A ti wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nìkan ló wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì náà kì í ṣe Gmail. Àbúrò Bàbá ló ra orúkọ náà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré kan, àyè tí wọ́n fún wa ò sì tó nǹkan. Bàbá ní àwọn ń to lẹ́tà lọ́wọ́ lálẹ́ Sátidé ni iná lọ, kọ̀ǹpútà náà ò sì sí lórí ìnfátà. A ti ṣe ẹ̀dà. Nínú fódà "Mail", a rí fáìlì kan tó ń jẹ́ Inbox, ó tó 3.1GB. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Inbox.msf, ìyẹn kéré gan-an. Kí ni wọ́n?

* * *

Ẹ lọ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n sùn. Fáìlì tó ṣófo kì í wọn 3.1GB. Lẹ́tà wọn ló wà níbẹ̀.

Inbox tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn orúkọ ẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà, tí wọ́n kọ tẹ̀ léra nínú fáìlì kan ṣoṣo, látorí èyí tó kọ́kọ́ dé títí dórí èyí tó dé kẹ́yìn. Mbox ni wọ́n ń pe irú fáìlì yìí, ayé Unix ìgbà àwọn ọdún 1970 ló ti wá. Inbox.msf ni atọ́ka ẹ̀: òun ló ń sọ fún Thunderbird pé lẹ́tà kan wà níbí, ẹni báyìí ló kọ ọ́, wọ́n ti kà á tàbí wọn ò tíì kà á. Àwọn orúkọ àti àkọlé tí Bàbá máa ń rí tí wọ́n bá ṣí Inbox, látinú atọ́ka ni wọ́n ti ń wá. Ó dá mi lójú gan-an pé nígbà tí iná lọ, Thunderbird ń kọ nǹkan sínú atọ́ka yẹn lọ́wọ́, ó sì bàjẹ́ sáàárín. Nígbà tó tún ṣí, atọ́ka ní kò sí lẹ́tà, òun náà sì gbà á gbọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ dúró dìgbà tí iná bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà sórí ìnfátà. Ẹ ṣí Thunderbird, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Inbox, ẹ yan "Properties", ẹ ó rí "Repair Folder" níbẹ̀. Ẹ tẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Fáìlì ńlá lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, ó máa gba àkókò, ó sì lè dà bíi pé ó ti kú. Ẹ má pa á. Ó ń ka fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó lè kọ atọ́ka mìíràn ni.

Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti Thunderbird pa, ẹ padà sínú fódà yẹn, ẹ gbé Inbox.msf kúrò níbẹ̀ lọ sórí Desktop. Èyí tó ní .msf o! Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èkejì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún ṣí Thunderbird, á rí i pé kò sí atọ́ka, á ṣe tuntun. Tẹ́ ẹ bá sì rí fáìlì kan níbẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nstmp, ẹ má pa á rẹ́. Compact tí kò parí ló sábà máa ń fi í sílẹ̀, lẹ́tà lè wà nínú ẹ̀.

Ẹnì kan béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé Outlook ni tòun, ṣé bákan náà ni. Rárá. Outlook ń kó lẹ́tà POP sínú fáìlì .pst, Microsoft sì ti ṣe irinṣẹ́ kan mọ́ ọn tó ń jẹ́ scanpst.exe láti máa tún un ṣe. Ẹ̀dà ló ṣáájú níbẹ̀ náà. Àwọn tó ṣì ń lo Outlook 2002 tàbí èyí tó ti dàgbà jù ú lọ, .pst wọn ò gbọdọ̀ dé 2GB. Ibi tó bá ti kọjá ìyẹn ló ti ń bàjẹ́.

* * *

Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé tòun ò ṣófo, pé páásíwọọ̀dù ló ń béèrè ṣáá, òun sì mọ̀ pé òun kọ ọ́ dáadáa. Gmail ni.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ti fún un nísàlẹ̀ ni pé kó yí páásíwọọ̀dù padà. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Láti 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google ti dẹ́kun láti máa gba páásíwọọ̀dù lásán lọ́wọ́ ètò ímeèlì lórí àdírẹ́sì Gmail wa. Yahoo náà ti ṣe irú ẹ̀, Microsoft sì ṣe é fún Hotmail àti Outlook.com ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ẹ lè yí páásíwọọ̀dù padà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbà á.

Ní Thunderbird, ẹ lọ sí "Account Settings", lẹ́yìn náà "Server Settings", ẹ yí "Authentication method" sí OAuth2, ìyẹn ọ̀nà ìwọlé tí ètò ímeèlì kì í fi í gba páásíwọọ̀dù yín fúnra ẹ̀. Ojú-ewé Google fúnra ẹ̀ á jáde, ibẹ̀ lẹ ó ti wọlé. Ẹ má gbàgbé pé ibi tí lẹ́tà ti ń jáde lọ, "Outgoing Server", ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ yí ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe ẹyọ kan, wọ́n á wá máa sọ pé "mo ń gbà, àmọ́ mi ò lè fi ránṣẹ́".

Tí ètò yín bá ti dàgbà débi pé kò mọ OAuth2, Gmail lè fún yín ní páásíwọọ̀dù àkànṣe tó jẹ́ lẹ́tà 16, ìyẹn "app password", ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tan ìwọlé onígbésẹ̀ méjì. Lẹ́tà 16 yẹn lágbára bíi kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp nítorí pé ó ní òun fẹ́ bá yín tún nǹkan ṣe.

* * *

Nípa ti ẹni tó ní ìkìlọ̀ "certificate" (ìwé ẹ̀rí tí sáfà fi ń fi ara ẹ̀ hàn) ń jáde nígbà gbogbo, tó sì ti ra détà oríṣi mẹ́ta: ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín, apá ọ̀tún nísàlẹ̀.

Nílé wa níbí, kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń pẹ́ láìsí iná. Bátìrì róbótó kan wà nínú ẹ̀, CR2032, òun ló ń bá a tọ́jú aago nígbà tí iná ò bá sí. Tó bá ti kú, kọ̀ǹpútà á máa padà sí ọjọ́ kan láyé àtijọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá tan án. Ìwé ẹ̀rí tí sáfà ń fi hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó rò pé ọdún 2009 la wà á ní ìwé ẹ̀rí náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, á sì kọ̀ láti bá sáfà sọ̀rọ̀. Mo bá irú ẹ̀ pàdé nílé ìyá kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti ra ráútà tuntun, wọ́n ti sanwó fún ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, bátìrì yẹn la pààrọ̀ tí ímeèlì fi ń wọlé.

* * *

Antivirus. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dé.

Apá kan ń sọ pé ká pa á títí láé, apá kejì ń sọ pé ẹni tó bá pa á ń wá wàhálà. Àwọn méjèèjì ní ohun kan tí wọ́n rí. Ẹ rántí pé fáìlì kan ṣoṣo ni Inbox. Tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá gbé kòkòrò wá, tí antivirus sì fẹ́ ti fáìlì tó wà nínú ẹ̀ mọ́lé, gbogbo Inbox ló máa kó lọ. Ká ní ẹni tó béèrè ò rí Inbox ti 3.1GB yẹn ni, ibi tí mi ò bá kọ́kọ́ rán wọn lọ wò ni "quarantine" antivirus wọn, ìyẹn ibi tó ń ti fáìlì mọ́, torí ó ṣeé dá padà látibẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ pa á, pàápàá nílé tí fláàṣì oríṣiríṣi ti ń wọlé. Inú sẹ́tíǹgì ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan fódà Profiles ti Thunderbird. Fáìlì tẹ́ ẹ bá fà jáde látinú lẹ́tà, á ṣì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tẹ́ ẹ bá fi í pamọ́ síbòmíràn.

* * *

Kúkurú lórí lẹ́tà tí kò jáde: ẹ wo Outbox. Lẹ́tà ńlá kan lè há síbẹ̀ kó sì dí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́wọ́. Gmail ní 25MB ni òpin, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń di fáìlì mọ́ ímeèlì máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, nítorí náà fídíò 20MB yẹn ò ní kọjá. Tí lẹ́tà kékeré náà ò bá jáde, ẹ wo nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà dé sáfà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti di 25 pa nítorí àwọn tó ń fọ́n lẹ́tà ìjẹkújẹ káàkiri. 587 tàbí 465 ni kẹ́ ẹ lò.

* * *

Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé gbogbo wàhálà yìí ò pọn dandan, pé ayé ti lọ sórí fóònù, kí Bàbá lọ ra fóònù.

Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń dùn ún nílò lẹ́tà ńláńlá lójú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ojú-ewé méjì sí ọmọ ẹ̀ ní London nílò kíbọ́ọ̀dù gidi. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, lẹ́tà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ṣeé kà lọ́jọ́ tí kò sí détà, ó ṣeé wá nínú ìṣẹ́jú àáyá, ilé iṣẹ́ tó ni sáfà sì lè wọ gbèsè lọ́la kó má kan lẹ́tà yín. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iná tó ń lọ ló dá wọn láàmú, kò sì yẹ ká fi ìyẹn gba irinṣẹ́ tó mọ́ wọn lọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn.

* * *

Ẹni tó béèrè:

Ó ti gbọ́ o! Repair Folder pẹ́ débi pé a rò pé ó ti kú, àmọ́ a ò fọwọ́ kàn án. Gbogbo lẹ́tà ti padà, títí kan ti 2011. Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹnì kan wá ní ká kúrò lórí POP ká bọ́ sórí IMAP lójú ẹsẹ̀, kí èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ṣé ká ṣe é?

* * *

Ẹ kú oríire! Inú mi dùn fún Bàbá gan-an ni.

Nípa IMAP, ẹ má tíì ṣe é. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé IMAP ló dáa jù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní àyè púpọ̀ lórí sáfà. Àyè 15GB tí Google ń fúnni, tó jẹ́ pé Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín in, lè gba 3.1GB láìsí ìṣòro. Ẹ̀yin sọ pé àyè tiyín ò tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá kó lẹ́tà ọdún wọ̀nyí gòkè, sáfà á kún, lẹ́tà tuntun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí Bàbá á sì máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. POP tí wọ́n ń lò bá ipò wọn mu. Ẹ̀dà ni wọn ò ní.

Ohun tí màá ṣe nílé yẹn nìyí. Màá ṣí fódà ọdọọdún, màá kó lẹ́tà àtijọ́ kúrò nínú Inbox sínú wọn, torí Inbox ni Thunderbird ń kọ nǹkan sí jù, fáìlì kékeré sì yá láti tún ṣe. Àwọn lẹ́tà ilẹ̀ yẹn, màá tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, màá lọ sí "Settings", "General", níbi tí wọ́n kọ "Disk Space" sí, màá yọ àmì tó ní kí Thunderbird máa ṣe compact fúnra ẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ kì í kúrò nínú fáìlì títí dìgbà tí compact bá tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó tì í, tí iná dúró, tí ẹ̀dà sì ti wà. Níparí oṣù, ẹ tún fódà Profiles dà sórí háàdì díìsìkì yẹn, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà.

UPS kékeré kan ló kù, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ. Kò ní láti gbé kọ̀ǹpútà náà fún wákàtí kan. Kó ṣáà gbé e tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí Bàbá á fi ti Thunderbird pa, tí wọ́n á sì pa kọ̀ǹpútà náà bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, ẹ sọ fún mi, nítorí Thunderbird 115 ni èyí tó kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn, ọ̀nà tí a máa gbà gbé lẹ́tà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ló sì máa kàn.